Họ́ọ̀nù Tí Mo Fi Ń Kí Alhaja Sìdíkàt

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kúrò nílẹ̀, torí mo mọ ara mi: bí mo bá gba ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, màá máa yí ọ̀rọ̀ ká títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi. Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Ìtàn Alhaja Sìdíkàt ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ti ń gbé Peckham kí n tó mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Alhaja. Ọdún 1986 ni wọ́n dé ìlú yìí pẹ̀lú ọkọ wọn, tó wá kàwé tí kò sì kà á tán. Ìdájí ni Alhaja ń jáde lọ fọ ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn ní London Bridge, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n á tún gba Deptford lọ, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ kan. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ kú. Sherifdeen, àkọ́bí wọn, náà kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á. Ó ku Hameedah tó wà ní Kent, àti Abdulqoyyum tó wà ní Canada. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, inú fúláàtì kan ṣoṣo ló ti ṣẹlẹ̀, fúláàtì káńsù, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá ènìyàn gbé, ní àjà kejì, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye. Hameedah ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Alhaja ní rárá. Wọ́n ní àwọn lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Kent lẹ́ẹ̀kan, àwọn rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, àwọn rìn padà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní "Alhaja, ẹ kú ìrìn."

Ní Peckham, tí wọ́n bá jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú trọ́lì aláwọ̀ búlúù wọn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di wákàtí kan. Wọ́n á kí àwọn onídìrí, wọ́n á kí alápatà, wọ́n á bi ọmọ Pakísítánì tó ń ta fóònù bóyá ìyàwó ẹ̀ ti bímọ. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn ra ọjà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ò lè wọ trọ́lì yẹn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn wò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló mú wa mọra. Olúbáyọ̀ lorúkọ mi, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń fi van kó lọ fún àwọn ìsọ̀ Rye Lane. Lọ́jọ́ kan mo ń já ẹrù, ìyá kan dúró tì mí, ó tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó ní, "Awakọ̀, ta ló sùn lé eléyìí lórí?" Mo ní èmi kọ́, Mummy. Wọ́n ní, "Nígbà náà, ta lo gbé tó sùn lé e?" Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, tí a kì í wọ bàtà pẹ̀lú súùtánà, ó di pé bí wọ́n bá ti rí mi, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ní, "Báyọ̀, o mà rí bàtà wọ̀ lónìí." Tí àwẹ̀ bá dé, abọ́ mọ́ínmọ́ín tèmi wà lọ́tọ̀, èmi tí n kò gba àwẹ̀ kankan.

Ẹ wá gbọ́ ti họ́ọ̀nù. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ mọ́tò, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó máa ń sọ pé bí bíréèkì já, Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n bí họ́ọ̀nù ò bá dún, kí n má gbé ọkọ̀ jáde. Lọ́dọ̀ wa, òun la fi ń kí ènìyàn, òun la fi ń dúpẹ́, òun la fi ń pe ẹni tó máa ṣí géètì, òun náà la fi ń bú ẹni tí a ò ráyè sọ̀kalẹ̀ bú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò mọ́tò ní London, mo fìdí rẹmi, mo sì mọ ibi tó ti bàjẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró fún mi kí n kọjá, mo tẹ họ́ọ̀nù láti fi dúpẹ́. Òyìnbó tó jókòó tì mí wò mí bí ẹni pé mo yọ ọ̀bẹ. Ó ní ewu nìkan ni họ́ọ̀nù wà fún. Mo ní yes, sir. Nínú ọkàn mi mo ní ayé yín mà gbẹ o, ẹ ní nǹkan tó ń dún tó báyìí, ẹ ò lè fi kí ara yín.

Mo gbìyànjú láti fi òfin wọn ṣe. Ó tó oṣù mélòó kan tí mi ò fọwọ́ kàn án. Ó wá di ọjọ́ Túsìdé kan, mo gba ẹ̀gbẹ́ Alhaja kọjá, mo kàn mi orí láti inú ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dá mi dúró níwájú ìsọ̀. "O kọjá lára mi lánàá bí ẹni kọjá lára òpó iná."

Mo ní, "Alhaja, ẹ má bínú, ọkọ̀ ni mo ń wà. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ lórí stẹ́ríǹgì."

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tìẹ ò lẹ́nu?"

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí trọ́lì búlúù níwájú, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn: pín-pín, píìn. Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Alhaja á dúró gbagidi níbi tí wọ́n bá wà. Wọn kì í dáhùn ìkíni lórí ìrìn. Wọ́n ní ẹni tó ń dáhùn tó tún ń rìn lọ, kò ka ẹni tó kí i sí ènìyàn. Wọ́n á dúró, wọ́n á yíjú sí mi, wọ́n á gbọ́wọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n á ṣàdúrà fún mi títí ọkọ̀ mi á fi kọjá. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Àwọn òyìnbó ń wò mí bí aṣiwèrè, inú mi sì ń dùn. Ta ni tún ń rí àdúrà gbà láàárín títì ní ìlú yìí?

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ní Choumert Road. Mo ti já ẹrù tán, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fẹ́ ṣíná sí i. Mo rí Alhaja ní òdìkejì, wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá kékeré kan. Mo rí mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ látinú àgbàlá náà. Ẹni tó ń wà á ò wo ẹ̀yìn, fóònù ló ń wò. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì kí Alhaja kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa: ìṣísẹ̀ méjì. Ká ní mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, wọn ì bá ti kọjá.

Àyà mi já, ọwọ́ mi sì lọ ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Pín-pín, píìn.

Alhaja dúró. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọ́wọ́ ọ̀tún sókè. Ẹnu wọn ti ń mì, wọ́n ti ń ṣàdúrà fún mi, kí mọ́tò náà tó gbá wọn.

Eegun ìbàdí wọn ló ṣẹ́, orí wọn sì gbá ilẹ̀. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò wọ́n. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní mo rí mọ́tò tó ń bọ̀, mo sì tẹ họ́ọ̀nù láti kìlọ̀ fún màmá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mo ti gé e lórí, mo gé e lẹ́sẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Rye Lane ti gbọ́ pé Báyọ̀ gbìyànjú, ó kìlọ̀, màmá ni ò sá. Alápatà tilẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbà á, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ojú ò tì mí.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ wò wọ́n ní ọsibítù. Hameedah wà níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ẹni ogójì ọdún, ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ìyá ẹ̀ dé góńgó. Ó fà mí jáde sí kọ́rídọ̀.

"Uncle Báyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tell me the truth. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ sọ fún police pé Mummy gbọ́ họ́ọ̀nù, they turned, wọ́n wá dúró síwájú mọ́tò, wọ́n ń smile, wọ́n ń wave. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo ní, "Bó ṣe rí nìyẹn."

Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "So it's their mind. Orí Mummy ti ń lọ, I didn't even notice."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni wọ́n ń kí. Ṣùgbọ́n mo ti rí láìsẹ́nsì mi tó ń lọ, mo ti rí van tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi, mo ti rí ara mi níwájú adájọ́ òyìnbó tó ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń fi họ́ọ̀nù kí ènìyàn. Mo wo ilẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á ṣàánú.

Nígbà tí mo wọlé padà, Alhaja ní kí n sún mọ́ àwọn. Oògùn ìrora ti sọ ohùn wọn di tín-ín-rín. Wọn ò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ náà ju pé wọ́n jáde nílé. Wọ́n ní, "Báyọ̀, ìwọ lo wà níbẹ̀. Wọ́n ní mo ń rẹ́rìn-ín sí mọ́tò. Kí ni mo ń rẹ́rìn-ín sí?"

Mo ní, "Ẹ má dà á rò, Alhaja. Ẹ sinmi."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá ìyá lóhùn. Dókítà wá fi ìbéèrè dán wọn wò, ó ní ọjọ́ wo ni òní, ta ló ń ṣe olórí ìjọba. Wọn ò mọ ọjọ́. Ta ló máa mọ ọjọ́ tí eegun ìbàdí ẹ̀ bá ṣẹ́, tí oògùn sì ń mú un tòògbé? Ṣùgbọ́n Hameedah ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́. Ó ní Mummy ò lè dá gbé mọ́, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á tan gáàsì, wọ́n á gbàgbé. Ó gba fọ́ọ̀mù káńsù láti dá fúláàtì padà. Alhaja tó ti ń sọ pé rárá láti ọjọ́ pípẹ́ wá ò tún jiyàn mọ́. Nígbà tí ọsibítù dá wọn padà sílé, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n fọwọ́ síwèé, mo sì wà níbẹ̀. Bírò Hameedah ò yọ. Bírò àpò mi ni wọ́n lò.

Lọ́jọ́ yẹn, mo délé, mo ti àwo oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rosaline ìyàwó mi bi mí, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Rosaline ń ṣe ní Stockwell, ó ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n kó kúrò nílé wọn. Kò pariwo, èmi ni mo fẹ́ kó pariwo. Ó ní, "Olúbáyọ̀, lọ sọ ọ́." Mo ní màá sọ ọ́. Ó ní, "Lónìí." Mo ní ó di ọ̀la. Ní ọ̀la, Hameedah wà níbi iṣẹ́. Ní ọ̀tunla, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, èmi fúnra mi ni mi ò lọ. Ọ̀lẹ kì í wá àwáwí tì, àgàgà ọ̀lẹ tí ẹ̀rù ń bà. Rosaline ò bá mi jà; tí mo bá ti wọlé, á bi mí pé "Ṣé o ti sọ ọ́?", mo máa ní rárá, á sì yíjú sí ìkòkò ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Hameedah pè mí lórí fóònù. "Uncle, please. Ṣé van yín free ní Friday? Ẹrù Mummy ò pọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kó kó o, they don't want strangers."

Mo lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ń ru àpótí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ìkòkò tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín, kápẹ́ẹ̀tì ìkírun, fọ́tò Sherifdeen nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú pálọ̀ ju àga kan tí Alhaja jókòó lé, àti irin tí wọ́n ń fara tì rìn, níwájú wọn. Hameedah ń lẹ ẹnu àpótí tó kẹ́yìn. Alhaja ń wo ara ògiri níbi tí fọ́tò ti kúrò. Wọ́n ní, "Báyọ̀, o ṣeun. O ò fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìwọ lo kìlọ̀ fún mi, ìwọ náà lo tún ń kó mi lọ."

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó lásán, mo sì sọ ọ́. Mo ní mi ò kìlọ̀ fún wọn. Mo ní ìkíni wa ni mo tẹ̀, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Mo ní wọ́n ti ń kọjá lọ, ìṣísẹ̀ méjì ló kù, èmi ni mo dá wọn dúró, wọ́n sì dúró nítorí pé wọn kì í dáhùn ìkíni lórí ìrìn. Mo ní èmi ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Hameedah gbé àpótí sílẹ̀.

Alhaja ní, "Ṣé mo gbọ́ họ́ọ̀nù yẹn?"

Mo ní, "Ẹ gbọ́ ọ, Alhaja."

"Mo sì mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ẹ mọ̀."

"Ìkíni ni mo dá lóhùn."

"Ìkíni ni."

Hameedah ti gbé fóònù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ogójì ìṣẹ́jú gbọ́ orin tí káńsù ń fi dá ènìyàn dúró, èmi ṣì wà lórí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n dìde. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ìwé ti pé, ọjọ́ Àìkú ló parí, ìdílé kan tó ní ọmọ mẹ́ta ń wọlé ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní màmá lè forúkọ sílẹ̀ fún ilé mìíràn. Hameedah bi wọ́n pé ọdún mélòó ni yóò gbà. Kò sọ èsì tí wọ́n fún un fún wa. Ó wò mí, ó ní, "Nine weeks, Uncle. Mo bi yín. I asked you." Ó bọ́ sí ìta, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Mo rò pé Alhaja máa bú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Inú bí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò ga.

Wọ́n ní, "Ìwé yẹn, Hameedah ò fipá mú mi fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ló gbà pé orí mi ti ń lọ. Láràárọ̀, tí mo bá kírun tán, mo máa ń jókòó ka orúkọ, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì pé. Sherifdeen. Hameedah. Abdulqoyyum. Màá wá ka àwọn ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ kan, ti Tẹniọlá ò tètè wá sí mi lẹ́nu, mo sunkún títí, mo ní ó ti dé nìyẹn."

Mo ní, "Alhaja, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Orúkọ tìẹ ni mo fi ń parí ẹ̀. Mi ò gbàgbé rẹ lọ́jọ́ kan."